Ṣé ó hàn gbangba tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àríyànjiyàn páténtì nípa ìdáàbòbò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀jù

Gbogbo ohun èlò tí wọ́n fi ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀jù ló ti pẹ́ nílẹ̀. Fíúùsì ti wà, rẹ́sítọ̀ tí wọ́n fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì ti wà, súwíìṣì MOSFET, ìyẹn súwíìṣì inú chip tí wọ́n ń fi iná tàn tí wọ́n sì ń fi iná pa, náà ti wà. Ìdí nìyẹn tí ìwé páténtì lórí iṣẹ́ yìí fi sábà máa ń kọsẹ̀ síbì kan náà ní Amẹ́ríkà: olùyẹ̀wò, ìyẹn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ páténtì tó ń yẹ ìwé wò, á ní ohun tẹ́ ẹ mú wá hàn gbangba sí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́. Ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹnjiníà tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù, họ́ọ̀bù USB, páwà páàkì tàbí sáfà (server), àti fún lọ́yà tó ń bá wọn kọ̀wé.

Kí ló ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì pọ̀jù nínú kọ̀ǹpútà, báwo ni wọ́n sì ṣe ń dá a dúró?

Ihò USB 2.0 kan lè fún ohun tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ ní 500 mA. Ti USB 3.0 jẹ́ 900 mA. Àmọ́ páwà páàkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè tú 20 A jáde lórí 5 V. Bí waya inú ohun tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ bá bíríìjì, gbogbo agbára yẹn ló máa fẹ́ gba orí bàbà tín-ín-rín ara bọ́ọ̀dù kọjá. Bàbà yẹn á gbóná, á ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù, ó sì lè gbiná.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Fíúùsì lásán máa ń jó, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Fíúùsì tó ń padà sípò fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PPTC, máa ń gbóná títí ìdènà rẹ̀ á fi ròkè gan-an. Bó bá tutù, á padà, àmọ́ kì í padà tán. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìdènà rẹ̀ ṣì máa ń ju ti ìgbà tó jẹ́ tuntun lọ. Ẹ̀kẹta ni súwíìṣì MOSFET tó ní ohun tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí 10 A bá gba inú rẹ́sítọ̀ 5 mΩ kọjá, 50 mV ló máa hàn lórí rẹ̀, ooru ìdajì wáàtì ló sì máa mú jáde. Wọ́n á fi 50 mV yẹn wé òṣùwọ̀n kan. Bó bá kọjá òṣùwọ̀n, súwíìṣì á pa.

Lẹ́yìn náà, ó lè wà ní pípa títí ẹnì kan á fi tún un tàn. Ó lè máa gbìyànjú láti tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè má pa rárá, kó kàn di kọ́rẹ́ǹtì mú sójú kan, tàbí kó máa dín kọ́rẹ́ǹtì náà kù bí fóltéèjì ṣe ń lọ sílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ìwé àlàyé tí àwọn tó ń ṣe chip máa ń tẹ̀. Ẹni tí kíléèmù rẹ̀, ìyẹn apá ìwé páténtì tó ń sọ ohun tó ń béèrè pé kó jẹ́ tirẹ̀, kàn dárúkọ ọ̀kan nínú wọn ti pàdánù kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin wo ni wọ́n fi ń pinnu pé ohun kan hàn gbangba?

Abala 103 nínú òfin páténtì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1952. Ó ní ẹ kò lè gba páténtì bó bá jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà níwọ̀n á ti rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun tó hàn gbangba, bó bá wo ohun tó ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní kóòtù kí wọ́n tó ṣòfin yẹn. Lọ́dún 1851, nínú ẹjọ́ Hotchkiss àti Greenwood, kóòtù ní bí ẹnì kan bá kàn fi amọ̀ ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń fi irin tàbí igi ṣe, ìyẹn ò tíì tó ìhùmọ̀.

Lọ́dún 1966, nínú ẹjọ́ Graham àti John Deere, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ wò: kí ló ti wà nílẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti kíléèmù, báwo ni ìmọ̀ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe tó, àti ẹ̀rí láti ìta bí ọjà tó tà dáadáa, ìṣòro tó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí ojútùú rẹ̀, tàbí àwọn míì tó gbìyànjú tí wọn ò rí i ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n ń wò ni ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀. Ohun tó wá wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn kò kàn yín.

Wọ́n máa ń dárúkọ KSR ṣáá. Kí ló yí padà?

Ní April 30, 2007, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ KSR àti Teleflex. Pẹ́dàlì ọkọ̀ tó ṣeé sún síwá sẹ́yìn ni wọ́n ń jà lé lórí, èyí tí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí pẹ́dàlì wà mọ́. Kí ìdájọ́ yẹn tó wáyé, ilé ẹjọ́ Federal Circuit, tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí páténtì, máa ń béèrè ibi pàtó tí ìwé kan ti ní kí wọ́n pa nǹkan méjì pọ̀. KSR ní kí wọ́n má ṣe rọ̀ mọ́ ìyẹn bí ẹni rọ̀ mọ́ òkúta. Ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní làákàyè, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí nǹkan méjì tí wọ́n mọ̀ bá pàdé, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ń ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n lè retí, ó hàn gbangba nìyẹn.

Ìdájọ́ yìí le fún iṣẹ́ wa ju iṣẹ́ tó kù lọ. Àbájáde iṣẹ́ iná mànàmáná ṣeé fi kálámù àti ìwé ṣírò, olùyẹ̀wò á sì ní ẹ retí ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú KSR tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: ó ní olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ẹni náà á fi pa nǹkan wọ̀nyẹn pọ̀, kó sì sọ ọ́ ketekete. Ibi ìdí yẹn gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn lórí ìdáàbòbò kọ́rẹ́ǹtì ti ń yanjú. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí bóyá rẹ́sítọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Ó ti wà.

Ta ni “ẹni tó mọ iṣẹ́ náà níwọ̀n”?

Ẹni àfinúrò ni. Nínú iṣẹ́ yìí, àwọn lọ́yà sábà máa ń sọ pé ó ní oyè àkọ́kọ́ nínú ẹnjiníárìn iná mànàmáná pẹ̀lú ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ṣíṣe ètò iná. Bẹ́ ẹ bá gbé e ga, ohun púpọ̀ sí i á hàn gbangba sí i. Bẹ́ ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, adájọ́ ò ní gbà yín gbọ́.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá, láti kíléèmù dé ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kíléèmù kan. Họ́ọ̀bù USB kan ní ihò mẹ́rin, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní súwíìṣì tiẹ̀. Bí kọ́rẹ́ǹtì ihò kan bá fẹ́ kọjá 1.2 A, họ́ọ̀bù á di í mú sí 1.2 A fún 8 ms. Bí kò bá rọlẹ̀, á pa ihò yẹn nìkan, á sọ fún kọ̀ǹpútà pé ihò báyìí ni, á sì tún un tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tó bá tún kùnà ni yóò máa fi kún àkókò tó fi ń dúró. Bí bọ́ọ̀dù bá sì ṣe ń gbóná ni 1.2 A yẹn á máa rẹlẹ̀.

Olùyẹ̀wò á gbé ìwé méjì kalẹ̀. Ìwé A jẹ́ họ́ọ̀bù tó ní súwíìṣì kan ṣoṣo fún gbogbo ihò, tó sì ń ta kọ̀ǹpútà lólobó bí kọ́rẹ́ǹtì bá pọ̀jù. Ìwé B jẹ́ ti sáfà, níbi tí wọ́n ti lè kì bọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́ láìpa iná; ó ní tàímà, ó sì máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Olùyẹ̀wò á kọ ọ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ á mú tàímà B wá sínú A kí họ́ọ̀bù má bàa bàjẹ́. Ẹ wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.

Pé họ́ọ̀bù ń sọ ihò tó ṣẹ̀: ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìwé òṣùwọ̀n USB 2.0 tó jáde ní April 2000 ti ní bíìtì méjì nínú àpèjúwe họ́ọ̀bù tó ń sọ bóyá ìròyìn kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀jù jẹ́ ti gbogbo ihò lápapọ̀ tàbí ti ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ló kọ kíléèmù lórí èyí láìmọ̀ pé ìwé òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti pa á. Ìwé yẹn kan náà ló ní ìdáàbòbò ihò gbọ́dọ̀ lè padà sípò láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ tún un ṣe, àti pé òṣùwọ̀n tí wọ́n máa fi gé e kò gbọ́dọ̀ ju 5 A lọ. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ti 8 ms: ibí nìṣẹ́ wà. Ohun tí wọ́n kì bọ USB kò yẹ kó gbé kapásítọ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná fúngbà díẹ̀, tó ju 10 µF lọ sójú iná nígbà tí wọ́n bá kì í bọ̀ ọ́. Ní 5 V, ìwọ̀n iná tó máa wọ inú rẹ̀ jẹ́ 50 µC, 1.2 A á sì kún un láàárín nǹkan bíi 42 µs. Àmọ́ ọjà olówó pọ́ọ́kú tó gbé 470 µF wà nígboro. Òun á gba 2,350 µC, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 ms. Ẹni tó bá gé iná ní 1 ms á máa pa ohun tí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé bíríìjì ni lóòótọ́, gbogbo 5 V yẹn ló wà lórí súwíìṣì: 5 V lọ́nà 1.2 A jẹ́ 6 W, láàárín 8 ms ó ti di 48 mJ tó ń gbóná sínú chip tó kéré ju èékánná lọ. Nínú sáfà, MOSFET ńlá tó wà lóde, tí bàbà gbígbòòrò ń fa ooru rẹ̀ sí ara bọ́ọ̀dù, ló ń gba ìyà yìí. Nítorí náà, àkókò inú ìwé B kò ṣeé gbé sínú chip họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lásán. Bí ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bá ti ṣàlàyé èyí, ẹ ti ní ilẹ̀ tẹ́ ẹ lè dúró lé.

Ti òṣùwọ̀n tó ń rẹlẹ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀: ẹ ṣọ́ra. Bí họ́ọ̀bù bá ń fi ìdènà MOSFET fúnra rẹ̀ wọn kọ́rẹ́ǹtì, ìdènà yẹn máa ń fi nǹkan bíi 0.4% ga sí i fún dígíríì kọ̀ọ̀kan. Láti 25 °C dé 85 °C, ó ti fi nǹkan bíi 24% ga, èyí tó túmọ̀ sí pé kọ́rẹ́ǹtì tó máa gé e ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Olùyẹ̀wò tó mọ̀ ọ́n á ní ohun tẹ́ ẹ ń béèrè ti ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ohun tó ti wà. Ẹ kọ ọ́ sínú kíléèmù pé ẹ̀rọ tó ń mọ ooru ló ń yí òṣùwọ̀n padà, kẹ́ ẹ sì sọ bí ìyípadà náà ṣe tó.

Ti àkókò ìdúró tó ń gùn sí i: kò sí nínú A, kò sí nínú B. Olùyẹ̀wò á ní làákàyè lásán ló máa jẹ́ kẹ́nì kan ṣe é. Ẹ gbé ẹjọ́ Arendi àti Apple ti ọdún 2016 síwájú rẹ̀: Federal Circuit ní èèyàn ò kàn lè fi làákàyè dí ihò tó wà nínú ẹ̀rí láìsọ ìdí tó múná dóko, pàápàá bí ohun tó sọnù bá jẹ́ kókó kíléèmù. Bó bá gbọ́n sí i, ó lè mú Ethernet wá, níbi tí ẹ̀rọ méjì tó kọlu ara wọn ti máa ń fi kún àkókò tí wọ́n fi ń dúró. Ìdáhùn yín ni pé ohun tí Ethernet ń wá ni kí àwọn méjèèjì má tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tẹ́ ẹ̀yin ń wá ni kí ooru 48 mJ yẹn jáde tán kí òmíràn tó wọlé.

Nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀. Ṣé ìyẹn lè gba páténtì?

Ó ṣòro. Láti ìgbà ẹjọ́ In re Aller ti ọdún 1955 ni wọ́n ti gbà pé bí ìwé kan bá ti sọ ọ̀nà, wíwá iye tó dára jù lọ nípa dídán an wò kì í ṣe ìhùmọ̀. Ohun méjì ló lè gbà yín: kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé iye náà ń nípa lórí àbájáde tẹ́ ẹ rí, tàbí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní iye yẹn jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. “Ó dáa sí i díẹ̀” kò tó. Ẹ mú àwòrán orí oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná, wá, kó jẹ́ ti iye tẹ́ ẹ yàn, ti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó wà lókè rẹ̀, lórí bọ́ọ̀dù kan náà.

Tí a bá pa ìwé méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ náà ò ní ṣiṣẹ́. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ó sinmi lórí bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Ẹjọ́ Gordon ti ọdún 1984 wà lẹ́yìn yín: bí àtúnṣe tí olùyẹ̀wò ń dábàá bá sọ ohun àkọ́kọ́ di ohun tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é mọ́, kò sí ìdí tí ẹnì kan á fi ṣe é. Àmọ́ ẹjọ́ Keller ti ọdún 1981 ń dúró dè yín: kò pọn dandan kí wọ́n lè gbé ẹ̀yà ara ìwé B bó ṣe wà sínú ìwé A, ohun tí ìwé méjèèjì jọ kọ́ni ni wọ́n ń wò. Bẹ́ ẹ bá kàn sọ pé “rẹ́sítọ̀ B tóbi jù fún bọ́ọ̀dù A,” wọ́n á fi Keller lé yín bọ̀.

Ẹ wo àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ká ní ìwé B ń wọn kọ́rẹ́ǹtì ní ìhà ilẹ̀, ìyẹn GND. Olùyẹ̀wò ní kí wọ́n gbé e wá sí USB. Ihò USB 2.0 tó lágbára kò gbọ́dọ̀ fún ni ní ohun tó rẹlẹ̀ ju 4.75 V lọ. Bí páwà páàkì bá jẹ́ 5 V tó lè fi 3% yẹ̀, 4.85 V ló lè kù. 100 mV ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè pàdánù. Ní 500 mA, 200 mΩ nìyẹn fún súwíìṣì, bàbà, ihò àti rẹ́sítọ̀ lápapọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, rẹ́sítọ̀ ìhà GND máa ń gbé ilẹ̀ ohun tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ sókè, ilẹ̀ yẹn kan náà sì ni wáyà D+ àti D−, àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá, fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àtakò yìí kò dá lórí bí ohun èlò ṣe tóbi tó. Ohun tó ń fi hàn ni pé ọ̀nà tí B fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì lòdì sí ohun tí A wà fún. Kí ẹlẹ́rìí onímọ̀ fọwọ́ sí ìṣirò náà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́yà kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ má sì sọ pé ìwé A “kọ̀ ọ́” tó bá jẹ́ pé ńṣe ló kàn yan ọ̀nà míì. Lọ́dún 2004, nínú ẹjọ́ Fulton, kóòtù ní pé kí ìwé kan fẹ́ràn ọ̀nà kan ju òmíràn lọ kò túmọ̀ sí pé ó ní kí wọ́n má gba òmíràn.

Ṣé wọ́n lè mú ìwé sáfà tàbí ti ọkọ̀ wá bá ọ̀rọ̀ USB?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá wà nínú iṣẹ́ kan náà tàbí bó bá kan ìṣòro kan náà tẹ́ ẹ ń yanjú. Àtakò pé ìwé náà wá láti inú iṣẹ́ míì kì í sábà ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ́rẹ́ǹtì. Ẹ má gbé e sí iwájú.

A ti kọ “ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀” sínú ìwé wa fúnra wa. Ṣé wọ́n lè fi bá wa jà?

Níwájú olùyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni, láìsí àríyànjiyàn. Níwájú PTAB, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó wà nínú iléeṣẹ́ páténtì Amẹ́ríkà, nínú ìgbẹ́jọ́ IPR, níbi tí ẹnì kan ti lè ní kí wọ́n fagi lé páténtì tí wọ́n ti fúnni, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, ẹjọ́ tó sì kọ́ gbogbo èèyàn lọ́gbọ́n jẹ́ ti chip kọ̀ǹpútà.

Páténtì 8,063,674 ti Qualcomm dá lórí chip tó ní iná méjì, ọ̀kan fún inú chip, ọ̀kan fún ibi tó ti ń bá ìta sọ̀rọ̀. Bí iná inú bá pa tí ti ìta ṣì wà, àmì tí kò bójú mu lè jáde, kọ́rẹ́ǹtì sì lè máa jò. Páténtì náà ṣàlàyé àyíká iná àtijọ́ tó ń mọ ìgbà tí iná tàn àti ìgbà tó pa, ó sọ pé kọ́rẹ́ǹtì ń jò níbẹ̀, ó sì fi apá kan kún un láti ṣàtúnṣe. Apple mú àlàyé àyíká àtijọ́ yẹn láti inú páténtì Qualcomm fúnra rẹ̀, ó pa á pọ̀ mọ́ ìwé kan tó ń jẹ́ Majcherczak, PTAB sì ní ó hàn gbangba. Ní February 1, 2022, Federal Circuit dá a padà: òfin ní páténtì àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nìkan ló lè jẹ́ ìpìlẹ̀ IPR, ìjẹ́wọ́ tó wà nínú páténtì tí wọ́n ń bá jà kò sì sí lára wọn, ó kàn lè jẹ́ ẹ̀rí ohun tí oníṣẹ́ mọ̀. PTAB tún dájọ́ fún Apple. Ní April 2025, Federal Circuit yí i dà, nítorí Apple fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé ìjẹ́wọ́ yẹn wà lára ìpìlẹ̀.

Ohun tó kan yín: ẹni tó ń kọ̀wé kó kọ “ọ̀nà kan tó ṣeé ṣe” dípò “gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é,” àyàfi tó bá dá a lójú. Ẹni tó ń bá páténtì jà kó wá ìwé òṣùwọ̀n tàbí páténtì àtijọ́ tó sọ ohun kan náà, kó fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀.

Ìwé àlàyé chip ńkọ́? Ṣé ẹ̀rí ni?

Ó dára gan-an bẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé àwọn ará ìta lè rí i kà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fi páténtì sílẹ̀. Déètì tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé nìkan kì í sábà tó, torí pé ó lè jẹ́ déètì tí wọ́n kọ ọ́, kó má jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n gbé e síta. Ẹ wá ẹ̀dà tí Internet Archive tọ́jú, pẹ̀lú ìwé ìbúra tí wọ́n máa ń fúnni, tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà tó lè jẹ́rìí sí ìgbà tó jáde. Chip fúnra rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń tà á lọ́jà láti ọdún mẹ́wàá, kò lè jẹ́ ìpìlẹ̀ IPR. Ní kóòtù, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjà wa tà gan-an. Ṣé ẹ̀rí nìyẹn pé kò hàn gbangba?

Bẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé ohun tó wà nínú kíléèmù ló tà á, kì í ṣe orúkọ yín tàbí owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ra họ́ọ̀bù kì í mọ̀ pé ó ń dúró 8 ms. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni iyèméjì àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Nínú ẹjọ́ Adams ti ọdún 1966, lórí bátìrì tí wọ́n fi magnesium àti cuprous chloride ṣe, àwọn onímọ̀ ìjọba kò kọ́kọ́ gbà pé ó lè ṣiṣẹ́. Ìjọba padà lò ó, kóòtù sì ka iyèméjì yẹn sí ẹ̀rí. Bí ẹni tó ń ṣe chip bá ti kọ lẹ́tà sí yín rí pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kò ṣeé ṣe, ẹ tọ́jú lẹ́tà náà.

Olùyẹ̀wò ti kọ̀ wá. Kí la máa ṣe, láàárín ìgbà wo?

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti fèsì. Ẹ lè sanwó kẹ́ ẹ fi gùn ún dé oṣù mẹ́fà. Bó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, ìwé náà ti kú. Ẹ ya táblì kan: òpó kan fún apá kọ̀ọ̀kan inú kíléèmù, òpó kan fún ìlà tí olùyẹ̀wò tọ́ka sí, òpó kan fún ohun tí ìlà yẹn sọ gan-an. Ẹ lọ ka ìlà náà fúnra yín, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìlà tó tọ́ka sí ń sọ̀rọ̀ nípa fóltéèjì tó pọ̀jù, tí òun sì kà á sí kọ́rẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìjíròrò kan máa ń yanjú ohun tí lẹ́tà mẹ́ta kò lè yanjú.

Bẹ́ ẹ bá ní àbájáde ìdánwò, ẹ fi sínú ìwé ìbúra lábẹ́ òfin 1.132, kí ẹnjiníà tó ṣe é fọwọ́ sí i. Ìdánwò tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti fi sílẹ̀ ní ìpele yìí máa ń ṣòro fi kún un lẹ́yìn náà.

Bó bá kọ kíléèmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí PTAB. Ìwé àwíjàre yín gbọ́dọ̀ dé láàárín oṣù méjì sí ọjọ́ tẹ́ ẹ fi tó wọn létí; olùyẹ̀wò á fèsì, ẹ sì ní oṣù méjì míì láti fún un lésì. Ohun tẹ́ ẹ ò bá sọ nínú àwíjàre àkọ́kọ́, ẹ ò ní lè gbé e dìde lẹ́yìn náà láìsí ìdí pàtàkì. Láti PTAB, ọjọ́ 63 lẹ ní láti lọ sí Federal Circuit.

Wọ́n ti pè wá lẹ́jọ́ pé a tẹ páténtì ẹlòmíì lójú. Ṣé IPR dára ju kóòtù lọ?

Fún ọ̀rọ̀ ohun tó hàn gbangba, ó sábà máa ń dára jù. Láti September 16, 2012 ni IPR ti bẹ̀rẹ̀. Ní kóòtù, ẹ̀rí yín gbọ́dọ̀ lágbára kó sì dájú, gẹ́gẹ́ bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe tún sọ nínú ẹjọ́ Microsoft àti i4i lọ́dún 2011. Ní PTAB, ó tó bó bá wúwo díẹ̀ ju ti ẹni kejì lọ, adájọ́ mẹ́ta tó mọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń gbọ́ ọ.

Ọdún kan péré lẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé yín lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 14,000 lọ. Owó ìjọba nìkan, láìka ti lọ́yà, ju 40,000 dọ́là lọ. Ẹni tó ni páténtì ní oṣù mẹ́ta láti fèsì, iléeṣẹ́ páténtì ní oṣù mẹ́ta míì láti pinnu bóyá wọ́n máa gbọ́ ọ, ìdájọ́ á sì wáyé láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n lè kọ̀ láti gbọ́ ọ bí ẹjọ́ kóòtù bá ti rìn jìnnà, nítorí náà ẹ má dúró de oṣù kọkànlá. Bẹ́ ẹ bá sì pàdánù, gbogbo àríyànjiyàn tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ níbẹ̀, àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ti lè gbé kalẹ̀, ẹ ò ní lè tún un sọ ní kóòtù.

Ṣé páténtì Amẹ́ríkà yìí kan ẹni tó ń ṣe họ́ọ̀bù ní Nàìjíríà, Benin tàbí Togo?

Bí ọjà náà bá wọ Amẹ́ríkà, ó kàn án. Bí kò bá wọ ibẹ̀, òfin ilé ló ń ṣiṣẹ́. Òfin páténtì Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1970, náà ń béèrè pé kí ìhùmọ̀ má ṣe jẹ́ ohun tó hàn gbangba láti inú ohun tó ti wà, àmọ́ iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ kì í yẹ èyí wò kó tó fúnni ní páténtì. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé ẹni tó gbà á ló gbé ewu rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni àríyànjiyàn náà ti ń ṣẹlẹ̀. Benin àti Togo wà nínú OAPI, àjọ páténtì àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, níbi tí páténtì kan ti ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 17.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́?

Ìdí. Fún iye kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ yàn, ẹ kọ ohun tó ń bàjẹ́ bẹ́ ẹ bá gbé e sókè àti ohun tó ń bàjẹ́ bẹ́ ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe ìdánwò bíríìjì tòótọ́ àti ìdánwò kíkì ohun tó ní kapásítọ̀ ńlá bọ̀ ọ́, ní 25 °C àti ní ooru tó ga jù tí bọ́ọ̀dù yín lè gbà. Ẹ ya ìgbì kọ́rẹ́ǹtì, fóltéèjì ihò tó ṣẹ̀, àti fóltéèjì ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ihò kejì yẹn ló máa ń rẹlẹ̀ tí ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì kú. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ̀nà míì mẹ́ta ó kéré tán tẹ́ ẹ lè padà sí bí kíléèmù tó fẹ̀ bá ṣubú: irú bí àkókò ìdúró tó ń gùn, ẹ̀rọ tó ń mọ ooru, àti ibi tí wọ́n ti ń wọn kọ́rẹ́ǹtì.

Ṣé a lè fi ẹ̀rọ náà han oníbàárà kí a tó fi ìwé sílẹ̀?

Amẹ́ríkà fún ẹni tó hùmọ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti gbé ohun tirẹ̀ síta. Ilẹ̀ Yúróòpù kì í fúnni ní irú ọdún bẹ́ẹ̀. Lójú òfin tiwọn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi hàn láìsí àdéhùn àṣírí, ó ti di ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì fi ìwé tiyín bá yín jà. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó gbé bọ́ọ̀dù jáde.